Ilé Ṣáájú, Àbí Ọ̀nà Ṣáájú? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin Tí Ìjọba Fi Ń So Àṣẹ Ìkọ́lé Mọ́ Ètò Ìrìnnà

Ní àdúgbò tí mo gbé kí n tó kó wá síbi tí mo wà báyìí, ilé epo kan wà ní oríta. Bí èèyàn bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, ilé ìwé aládàáni kan wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ra ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn ìnáwó sí i. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló pé. Ó fi àyè sílẹ̀ fún gọ́tà, ó ya ibi ìgbọ́kọ̀sí sọ́tọ̀ fún 40 mọ́tò, kódà wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìrìnnà fún un kí wọ́n tó buwọ́ lu pláànù rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, mọ́tò tó wá lé ní 200. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, àyè tó kù láàárín wá di tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, tẹ́ńkà kan fẹ́ yà wọ ilé epo, kò ríbi yí imú sí, ó há síbẹ̀. Ìyàwó ti wọlé, alága ìdúró ti ń kọrin, ọkọ ìyàwó ṣì wà nínú mọ́tò lẹ́yìn tẹ́ńkà.

Ìyá alákàrà tó máa ń jókòó sí oríta náà ní, "Ẹ wá, ta lẹ fẹ́ bá wí gan-an?" Mi ò rí èsì fún un. Ilé epo gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ilé ìwé gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, gbọ̀ngàn náà gba tirẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó burú nínú wọn. Títì ló gba gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, ẹnikẹ́ni ò sì bi títì léèrè.

Kì í ṣe ìlú wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn èèyàn. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ kó síwájú yín kí ẹ lè fi wọ́n wéra, yálà òṣìṣẹ́ káńsù ni yín, tàbí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, tàbí Peckham ní London lẹ wà tí káńsù fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé alájà méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ yín. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rí ibi tí mo fì sí.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rèé

Àkọ́kọ́ ni ká máa yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò. Òun ni wọ́n ń lò ní Èkó: bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá, Ilé-iṣẹ́ Ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà á béèrè àyẹ̀wò ohun tí ilé yín máa ṣe fún títì, yàtọ̀ sí ìwé tí LASPPPA, àjọ tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé, máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹnjiníà á ka mọ́tò tó ń kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á ṣírò iye tí ilé tuntun máa fi kún un, á wá fún títì ní máàkì. Amẹ́ríkà ni irú máàkì bẹ́ẹ̀ ti wá, láti inú ìwé àwọn ẹnjiníà ọ̀nà wọn tó jáde ní 1965. A ni títì tó dá páro. F ni sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ.

Ìkejì le ju ìyẹn lọ: títì ò gbà, ilé ò sí. Florida sọ ọ́ di òfin ní 1985, ìpínlẹ̀ Washington ní 1990. Ìjọba ìbílẹ̀ á kọ́kọ́ kéde máàkì tí títì rẹ̀ kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ kọjá. Ilé tó bá máa jẹ́ kó já kọjá ibẹ̀ kò ní gba àṣẹ, àfi bí owó àtúnṣe títì bá ti wà nílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Washington fún wọn láti parí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta, ẹ kọ́lé yín, ṣùgbọ́n ẹ san owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan. London ni àpẹẹrẹ tí mo máa lò.

Ìkẹrin ni pé kí ìjọba kọ́kọ́ fa ọ̀nà ọkọ̀ èrò, kó wá ní ibi tí ilé gíga máa wà nìyẹn, ibòmíràn ò gbọdọ̀ ga. Curitiba ní Brazil ló fi èyí gbayì, Arlington ní Virginia náà sì ṣe é.

Ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó mú pláànù wá

Ibí ni ìyàtọ̀ pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó ń lo ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ẹni tó ń lo ìkejì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè: ṣé mọ́tò á ṣì máa rí ọ̀nà sáré? Ó dún dáadáa létí. Ó dáa, ẹ mú fúláàtì 100, ẹ kọ́ ọ sí Òṣòdì. Títì ibẹ̀ ti kún fọ́fọ́ kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan kalẹ̀, F ni yóò gbà, ìwé àyẹ̀wò á sì ní ilé yín ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹ gbé fúláàtì 100 yẹn kan náà lọ sí Mowe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sí pílọ́ọ̀tì. Títì iwájú rẹ̀ dá páro, A ni. Ó yege! Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé Òṣòdì lè fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó BRT àti ti rélùwéè, nígbà tí ẹni tó ń gbé Mowe máa wa mọ́tò bíi 40 kìlómítà kó tó dé Erékùṣù Èkó, tí á sì tún wà á padà sílé lálẹ́. Ìwé tó fún Mowe ní àṣẹ kò ka ìyẹn sí, torí oríta iwájú ilé nìkan ló wò.

California rí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Gómìnà Jerry Brown fọwọ́ sí òfin kan ní 2013, SB 743, ó sì di dandan káàkiri ìpínlẹ̀ náà láti July 1, 2020. Nínú àyẹ̀wò àyíká wọn, wọn ò lè tìtorí pé mọ́tò máa falẹ̀ nìkan sọ pé ilé kan ń pa àyíká lára mọ́. Iye máìlì tí àwọn tó máa gbé inú ilé náà máa fi mọ́tò rìn ni wọ́n ń ṣírò báyìí. Ìmọ̀ràn tí ìpínlẹ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí ti ilé tuntun fi ìdá 15 nínú 100 dín sí ohun tí ará agbègbè náà ń rìn, àti pé ilé tí kò ju ìdajì máìlì lọ sí ibùdó ọkọ̀ èrò ńlá, kí wọ́n gbà pé kò ní wàhálà. Ẹ gbé Òṣòdì àti Mowe síwájú òfin yìí: Òṣòdì á kọjá, Mowe á máa ṣàlàyé.

Ó wù mí, àmọ́ kò rọrùn. Ẹ ò lè ṣírò máìlì bí ẹ ò bá mọ ibi tí àwọn èèyàn ń lọ láràárọ̀, ẹ ò sì lè mọ ìyẹn láìjẹ́ pé ẹ ti lọ bi wọ́n láti ilé dé ilé.

Ti London tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Gbogbo ibi ló ní máàkì, láti 0 dé 6b; bí ọkọ̀ èrò bá ṣe rọrùn láti rí níbẹ̀ tó ni máàkì ibẹ̀ ṣe ń ga tó. Bí wọ́n ṣe ń rí i nìyí: ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé yín, kí ẹ máa rìn. Ibùdó bọ́ọ̀sì tí kò bá ju 640 mítà lọ, ìyẹn ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n á kà á. Ibùdó rélùwéè tí kò bá ju 960 mítà lọ, ìrìn ìṣẹ́jú méjìlá, wọ́n á kà á. Wọ́n á wá wo iye ìgbà tí ọkọ̀ ń dé ní wákàtí kan. Ètò ìlú tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ní kí ilé gbígbé tuntun níbi tó bá gba 5 tàbí 6 má ní ibi ìgbọ́kọ̀sí rárá, yàtọ̀ sí ti àwọn aláàbọ̀ ara. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Pláànù tí kò bá ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ń dá padà. Ohun tí à ń fi dá onílé dúró níhìn-ín ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe lọ́hùn-ún.

Ta ló ń sanwó?

Lábẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń jẹ gbèsè. Ilé mẹ́sàn-án á jẹ títì náà díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n, ìkẹwàá á wá dé, wọ́n á ní òun ló fẹ́ ba títì jẹ́, kó wá tún oríta ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ òdodo, ó sì máa ń bí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ẹni tí owó náà dùn máa wá ẹni tó mọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ti London yàtọ̀, ìwé ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Láti April 2012 ni ìjọba Mayor ti ń gba owó lórí ilé tuntun láti fi ṣe rélùwéè Crossrail, èyí tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line nísinsìnyí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 24, 2022. Wọ́n tún iye náà tò ní April 2019: 80 pọ́n-ùn lórí mítà onígun mẹ́rin kan ní àwọn káńsù tó wọ́n jù, 60 fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn, 25 fún àwọn yòókù. Southwark, níbi tí Peckham wà, wà lára àwọn 60. Fúláàtì oní 70 mítà níbẹ̀ máa san 4,200 pọ́n-ùn kí wọ́n tó ṣírò bí ọjà ṣe gbówó lórí mọ́ ọn. Kò sí ìdúnàádúrà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni owó ti di sísan. Wọ́n fojú fo ẹni tó ń kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé àti ilé olówó pọ́ọ́kú. Káńsù á gba owó náà, á sì fi ránṣẹ́ sí Transport for London.

Kí ni kò dáa níbẹ̀? Elizabeth line kò dúró ní Peckham. Owó náà wọ àpò gbogbo ìlú, kì í ṣe àpò àdúgbò yín, ẹni tí ariwo ìkọ́lé ń dí lọ́wọ́ oorun lè má rí ẹyọ ibùdó bọ́ọ̀sì kan gbà nínú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́, ìyẹn àdéhùn Section 106 tó wà nínú òfin 1990. Ìyẹn ṣeé dúnàá dúrà: káńsù lè ní kí akọ́létà ṣe ibi ìsọdá títì síwájú ilé ìwé, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣáà ti kan ilé tó fẹ́ kọ́ gan-an tí kò sì pọ̀ jù fún un. Ó ń lo àkókò, ó ń lo lọ́yà. Owó lórí mítà yá kíákíá, Section 106 mọ ojúlé yín. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, owó lórí mítà ni màá mú fún ìlú tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, torí pé níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ iye, kò sí ohun tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fẹ́ rà.

São Paulo tún gbọ́n sí i, gíga ilé ni wọ́n ń tà. Ètò ìlú wọn ti 2014 sọ pé ẹni tó ní 1,000 mítà ilẹ̀ lè kọ́ 1,000 mítà ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní ìtòsí métírò tàbí ọ̀nà bọ́ọ̀sì ńlá, ó lè kọ́ tó 4,000, ṣùgbọ́n ó máa ra 3,000 tó lé yẹn lọ́wọ́ ìlú. Ó kéré tán, ìdá 30 nínú 100 owó náà gbọ́dọ̀ lọ sí ọkọ̀ èrò, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn akọ́létà rí ihò nínú òfin náà, wọ́n ń kọ́ yàrá bíńtín bíńtín tí ìdílé kan ò lè gbé, kí wọ́n fi lè tà á kíákíá. Síbẹ̀, ìlú rí owó, ilé sì wá sẹ́bàá rélùwéè.

Ibi tí ilé ń sá lọ

Ilé dà bí omi, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń ṣàn sí. Òfin Florida ni mo fi kọ́gbọ́n yìí. Wọ́n ní títì ò gbà, ilé ò sí. Ibo ni títì ti kún? Àárín ìlú. Ibo ló ṣófo? Ẹ̀yìn ìlú. Ni àwọn akọ́létà bá kó lọ sẹ́yìn ìlú, wọ́n ń kọ́ ẹ́sítéètì síbi tí bọ́ọ̀sì kò dé, gbogbo ará ibẹ̀ sì ń wa mọ́tò padà wá sáàárín ìlú tó ti kún yẹn kan náà. Òfin tí wọ́n ṣe kí títì má bàa dí ló wá sọ èèyàn di awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àárín ìlú sílẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà tó sì di 2011, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ tó bá wù kó máa lò ó, èyí tí kò bá wù kó fi sílẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni Curitiba. Wọ́n dá iléeṣẹ́ ètò ìlú wọn, IPPUC, sílẹ̀ ní 1965, ètò ìlú jáde ní 1966, bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1974 lábẹ́ Jaime Lerner, olórí ìlú náà. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe rí: àárín gbùngbùn jẹ́ ti bọ́ọ̀sì nìkan, ọ̀nà kékeré fún mọ́tò tó ń rọra rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ kọjá ilé kan sẹ́yìn, ọ̀nà mìíràn wà níbẹ̀ tó ń sáré wọ ìlú, èyí tó wà ní òdìkejì ń sáré jáde. Sáàárín ọ̀nà wọ̀nyí ni ilé gíga wà. Bí ẹ bá wò ó látòkè, ẹ máa rí ilé gíga tó tò bí eegun ẹ̀yìn ẹja láti àárín ìlú dé ìta, tí ilé kúkúrú sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó mú pláànù ilé wá ní Curitiba kò nílò ẹnjiníà tó máa ka mọ́tò kó tó mọ̀ bóyá ilé rẹ̀ lè ga. Máàpù ti dáhùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má bàa ṣe ojúsàájú: ìjọba ológun ló ń ṣèjọba Brazil nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì yan Lerner sípò lọ́dún 1971. Ó rọrùn láti fa ìlà gbọọrọ lórí máàpù nígbà tí kò sẹ́ni tó máa dìbò lé ọ kúrò.

Arlington ṣe tiwọn pẹ̀lú ìbò. Wọ́n fẹ́ gba rélùwéè Washington, D.C. kọjá láàárín òpópónà márosẹ̀ I-66, níbi tó ti máa dínwó. Káńtì náà kọ̀, wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ Wilson Boulevard ni kó gbà, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Láti Rosslyn dé Ballston, ibùdó márùn-ún. Ní nǹkan bí ìdámẹ́rin máìlì yí ibùdó kọ̀ọ̀kan ká, ilé lè ga. Bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí i ló ń kúrú, títí tó fi di ilé onídìílé kan tó ní àgbàlá. Àwọn tó ń gbé inú ilé kúkúrú yẹn ló fara mọ́ ọn, torí wọ́n fi dá wọn lójú pé ilé gíga kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀.

Ta ló lágbára láti ṣe é?

Ní Nàìjíríà, ẹ má lọ bá alága káńsù jà lórí èyí. Òfin ètò ìlú ti 1992 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipò, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a ní 2003, nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú. Ẹ padà wo Mowe: ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé ibẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Èkó ló ń gba mọ́tò wọn láràárọ̀. Ìjọba mẹ́ta, títì kan. Kò sí èyí nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àfi bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ jókòó, ìkẹrin ló sì máa ṣòro jù fún wọn.

Bí mo bá jẹ́ yín

Ìlú kékeré, òṣìṣẹ́ mẹ́ta, kò sí bọ́ọ̀sì ìjọba: ẹ mú owó lórí mítà, ẹ lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ẹ lo àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń pe èrò ńlá nìkan, bí ilé epo, gbọ̀ngàn, ilé ìjọsìn àti ilé ìwé, kí ẹ sì ní kó ka àwọn tó ti wà ládùúgbò tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìlú tó ti ní rélùwéè tàbí tó ń fa ọ̀kan: ìkẹrin, láìṣiyèméjì. Èkó ti ní Blue Line, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, láti September 2023, àti Red Line, 27 láti Agbado dé Oyingbo, láti October 2024. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìrìn ìṣẹ́jú méjìlá sí ibùdó wọ̀nyẹn ló wọ́n jù nínú ètò ìrìnnà ìlú náà. Bí wọ́n bá fi kọ́ ilé ìkẹ́rù sí kí máàpù tó sọ̀rọ̀, ó di ọgbọ̀n ọdún kó tó ṣeé tún ṣe. Ẹ ta gíga ilé níbẹ̀ bíi ti São Paulo, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé apá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá méjì tàbí mẹ́ta.

Títì ò gbà, ilé ò sí? Mi ò ní gbà á fún ìlú kankan nílẹ̀ wa, àfi tó bá jẹ́ pé èrò inú ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ kà, kì í ṣe mọ́tò.

Bí ẹ bá sì wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò, tí kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àyẹ̀wò náà. Ẹ má kọ́kọ́ ka máàkì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ka mọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa fi ẹ̀dà ti gbọ̀ngàn yẹn hàn mí lẹ́yìn ọdún kan. B ni títì wa gbà. Ọjọ́ Túsìdeé ni wọ́n kà á, láàárín àkókò tí ilé ìwé wà ní họlidé.